Oje Ewúro àti Àyípadà Tí Àtọ̀gbẹ Ń Mú Bá Ẹran Ara: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tí Ìwádìí Fi Hàn

Àṣamọ̀

Ewúro jẹ́ ewé tí àwọn Yorùbá fi ń se ọbẹ̀, tí wọ́n sì tún ń lò fún ìwòsàn. Lára àìsàn tí wọ́n ń lò ó fún ni àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ìtọ̀ ṣúgà. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tí àtọ̀gbẹ ń ṣe sí ẹran ara, pàápàá jù lọ páńkíríásì, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ó sì ṣe àgbéyẹ̀wò ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí nígbà tí wọ́n fún àwọn ẹranko tí ó ní àtọ̀gbẹ ní oje ewúro. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi gúnlẹ̀ ni pé ẹ̀rí wà pé oje ewúro ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹranko kù, ó sì ń dín ìbàjẹ́ ẹran ara wọn kù. Síbẹ̀, ẹ̀rí yìí kò tíì tó ohun tí aláìsàn lè tìtorí rẹ̀ pa oògùn tí dókítà kọ fún un tì.

Ìfáárà

Yorùbá gbà pé ìlera loògùn ọrọ̀. Wọ́n sì gbà pé àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Ìgbàgbọ́ méjèèjì yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìmọ̀ nípa ewé àti egbò gbilẹ̀ láàárín wọn láti ìgbà láéláé. Bí ènìyàn bá wọ ọjà ní ilẹ̀ Yorùbá, yóò bá àwọn ẹlẹ́wé ọmọ àti àwọn lékulẹ́ja níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ohun tí ó ń tà àti àlàyé bí a ṣe ń lò ó. Nínú gbogbo ewé tí ó wà lórí àtẹ wọn, ewúro yàtọ̀, nítorí pé ó wà lórí àtẹ ẹlẹ́wé ọmọ, ó sì tún wà lórí àtẹ ẹlẹ́fọ̀ọ́. Oúnjẹ ni, oògùn sì ni.

Àtọ̀gbẹ kì í ṣe àìsàn àjèjì sí àwọn Yorùbá. Orúkọ rẹ̀ gan-an fi hàn pé àwọn baba ńlá wa ti kíyè sí i dáadáa: àìsàn tí ó máa ń mú kí ènìyàn tọ̀, kí ó tọ̀, títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ náà fún àìsàn yìí ní orúkọ tí ó jẹ mọ́ ohun tí omi ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ó jẹ mọ́ oyin kún un, nítorí pé ìtọ̀ aláìsàn náà máa ń dùn. Ẹni tí ó bá ti rí i tí èèrà ṣù bo ibi tí aláìsàn tọ̀ sí yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ oyin fi wọ̀ ọ́.

Àìsàn yìí ti ń gbilẹ̀ sí i ní Nàìjíríà. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí Ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Akinkugbe ṣe olóòtú ìjábọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1997 fi hàn pé àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ jẹ́ 2.2%, ìyẹn nǹkan bí ènìyàn 2 nínú 100. Nígbà tí Uloko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ tí wọ́n sì ṣírò wọn pọ̀ ní ọdún 2018, ohun tí wọ́n rí jẹ́ 5.77%, ìyẹn nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100. Lóòótọ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìwádìí méjèèjì kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà kọjú sí hàn kedere. Oògùn òyìnbó wọ́n, ewúro sì wà lẹ́yìnkùlé. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ń bèèrè bóyá ewúro lè gbà wọ́n. Ìbéèrè yìí yẹ fún ìdáhùn tí ó dúró lórí ẹ̀rí.

Ohun Tí Àtọ̀gbẹ Jẹ́

Bí a bá jẹ iyán, ẹ̀bà tàbí ìrẹsì, ara yóò sọ ọ́ di ṣúgà kan tí a ń pè ní gúlúkóòsì. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé gúlúkóòsì yìí kiri ara. Ṣùgbọ́n gúlúkóòsì kò kàn lè já wọ inú sẹ́ẹ̀lì iṣan àti ti ọ̀rá bí ó ṣe wù ú. Hómóònù kan tí ń jẹ́ ínsúlíìnì ni ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Páńkíríásì, ẹ̀yà ara pẹlẹbẹ kan tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ni ó ń ṣe ínsúlíìnì. Ní ọdún 1869, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Paul Langerhans rí i pé inú páńkíríásì ní àwọn ìdì sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí wọ́n yàtọ̀ sí èyí tí ó yí wọn ká, bí erékùṣù ṣe máa ń dá wà láàárín omi. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní erékùṣù Langerhans. Nínú erékùṣù yìí ni sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà, tí ń ṣe ínsúlíìnì, wà.

Oríṣi àtọ̀gbẹ méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú oríṣi kìíní, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ni wọ́n ń gbógun ti sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò lè wà láàyè láìgba ínsúlíìnì. Kí Frederick Banting àti Charles Best tó ṣàwárí ínsúlíìnì ní Toronto ní ọdún 1921, ikú ni ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ láìpẹ́. Nínú oríṣi kejì, èyí tí ó pọ̀ jù lọ láàárín àwọn àgbàlagbà, ínsúlíìnì wà, ṣùgbọ́n ara ti di etí ikún sí i. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà tí ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò tíì jẹun láti alẹ́ bá tó 126 mílígíráàmù nínú désílítà kan tàbí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Àyípadà Tí Àtọ̀gbẹ Ń Mú Bá Ẹran Ara

Nínú iṣẹ́ yìí, ohun tí a ń pè ní ẹran ara ni àkójọ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ẹ̀yà ara. Ṣúgà tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ kì í sábà pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ba ẹran ara jẹ́, bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé láti inú. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe èyí pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta yẹ ní mímẹ́nu bà.

Ọ̀nà kìíní ni pé ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì. Bí omi ṣúgà bá dà sórí aṣọ tí ó sì gbẹ, aṣọ náà yóò le gbagidi. Bákan náà ni purotéènì tí ṣúgà lẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́ ṣe máa ń le, tí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ yóò sì pàdánù rírọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí dókítà fi ń mọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn dúró lórí ohun kan náà: ó ń wo ìwọ̀n ṣúgà tí ó ti lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé ara máa ń sọ àpọ̀jù gúlúkóòsì di ṣúgà mìíràn tí ń jẹ́ sọ́bítọ́ọ̀lù. Sọ́bítọ́ọ̀lù kì í tètè jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì máa ń fa omi mọ́ra. Dígí inú ẹyinjú àti iṣan ìmọ̀lára wà lára ibi tí èyí ti ń ṣe ìpalára.

Ọ̀nà kẹta, tí ó kan ọ̀rọ̀ ewúro jù lọ, ni ti àwọn kẹ́míkà ọ́síjìn oníjàgídíjàgan. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni ó ń ṣe díẹ̀ lára wọn, ara sì ní ohun tí ó fi ń ká wọn lọ́wọ́ kò. Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ jù, wọn yóò pọ̀ ju agbára ara lọ. Bí ọ́síjìn àti omi ṣe ń mú kí irin dógùn-ún ni àwọn kẹ́míkà yìí ṣe ń jẹ awọ sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà kò ní ààbò púpọ̀ sí wọn bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ṣe ní, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi tètè ń bà á jẹ́.

Bí a bá wo ẹran ara pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, tí a mọ̀ sí máíkírósíkóòpù, ìyọrísí gbogbo èyí yóò hàn. Nínú páńkíríásì, erékùṣù Langerhans yóò ti súnkì, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ yóò ti dín kù, àwọn mìíràn yóò sì ti ṣófo. Nínú ẹ̀dọ̀, ọ̀rá yóò ti kóra jọ sínú sẹ́ẹ̀lì ní èékán-èékán. Nínú kíndìnrín, níbi tí àwọn asẹ́ kéékèèké tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wà, awọ asẹ́ yóò ti nípọn ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ní ọdún 1936, Paul Kimmelstiel àti Clifford Wilson ṣe àpèjúwe àwọn kókó róbótó-róbótó tí ó máa ń yọ nínú asẹ́ yìí, wọ́n sì ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pè é títí di òní. Asẹ́ tí ó bàjẹ́ kò lè dá purotéènì dúró mọ́, nítorí náà purotéènì yóò máa bá ìtọ̀ jáde. Ohun tí ó ń fọ́ ojú, tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́, tí ó sì ń mú kí egbò ẹsẹ̀ kọ̀ láti jinná kò ju àwọn àyípadà kéékèèké yìí lọ.

Ewúro àti Ohun Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún ewúro ni Vernonia amygdalina, àwọn kan sì ti ń pè é ní Gymnanthemum amygdalinum báyìí. Àwọn Ìgbò ń pè é ní onugbu, àwọn Hausa sì ń pè é ní shuwaka. Yorùbá ń jẹ ewé rẹ̀, wọ́n ń gbo ó fún omi rẹ̀, wọ́n sì ń fi igi rẹ̀ rin ẹnu láàárọ̀.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó mọ ìwúlò ewúro. Ní ọdún 1989, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu jábọ̀ bí abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá ní Òkè Mahale, ní Tanzania, ṣe fa omi inú igi ewúro mu, tí ara rẹ̀ sì mókun láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan.

Kíkorò ewúro kì í ṣe lásán. Àwọn èròjà bíi vernodalin àti vernolide wà lára ohun tí ó ń mú un korò. Èròjà mìíràn tí ń jẹ́ sapónìn ni ó ń mú kí ó hó bí ọṣẹ nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ó ní fílábónọ́ìdì, tí luteolin jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Fílábónọ́ìdì ni a mọ̀ fún pípa àwọn kẹ́míkà ọ́síjìn oníjàgídíjàgan lẹ́nu mọ́.

Ó yẹ kí a fi ohun kan sọ́kàn níbí. Ewúro tí a fi iyọ̀ fọ̀ títí kíkorò rẹ̀ fi tán kí a tó fi se ọbẹ̀, omi ewúro tí a gbo tí a sì mu tútù, àti oje tí wọ́n fi ọtí líle yọ ní yàrá ìwádìí kì í ṣe ohun kan náà. Ohun tí omi lè yọ lára ewé àti ohun tí ọtí lè yọ yàtọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé oje ewúro wo eku sàn, tí ó wá gbà pé ọbẹ̀ ewúro yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun, ti fo ọ̀nà gígùn kan.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Ìwádìí Náà

Kí onímọ̀ tó lè dán oògùn àtọ̀gbẹ wò lára eku, ó ní láti kọ́kọ́ mú kí eku náà ní àtọ̀gbẹ. Kẹ́míkà méjì ni wọ́n sábà ń lò. Èkíní ni alloxan. Ní ọdún 1943, Dunn, Sheehan àti McLetchie ní Glasgow rí i pé ó ń pa erékùṣù Langerhans. Èkejì ni streptozotocin, tí wọ́n rí lára kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé inú ilẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ gúlúkóòsì ní ìrísí, nítorí náà ẹnu ọ̀nà tí gúlúkóòsì ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà ni àwọn náà ń gbà wọlé, kí wọ́n tó pa á láti inú.

Lẹ́yìn èyí, onímọ̀ náà yóò pín àwọn eku sí ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan yóò wà tí kò ní àìsàn. Ọ̀wọ́ kejì yóò ní àtọ̀gbẹ láìgba ìtọ́jú kankan. Ọ̀wọ́ kẹta yóò gba oje ewúro, ọ̀wọ́ kẹrin yóò sì gba oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bíi metformin tàbí glibenclamide. Ó dára kí ọ̀wọ́ kan wà tí ara rẹ̀ le, tí a sì fún ní oje ewúro, kí a lè mọ̀ bóyá oje náà fúnra rẹ̀ ń ṣe ìpalára. Láìsí àwọn ọ̀wọ́ yìí, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ewúro ni ó ṣiṣẹ́ tàbí pé ara eku náà kàn yá fúnra rẹ̀.

Nígbà tí àkókò bá pé, wọn yóò yọ ẹ̀yà ara tí wọ́n fẹ́ wò. Wọn yóò rì í sínú fọ́málíìnì kí ó má baà jẹrà, wọn yóò fi ọtí fa omi inú rẹ̀ gbẹ, wọn yóò sì dì í sínú àbẹ́là yíyọ́. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n fi ń gé e ní féléfélé, èyí tí nínípọn rẹ̀ kì í sábà ju 5 máíkírómítà lọ. Mílímítà kan ṣoṣo yóò gba 200 irú rẹ̀ bí a bá tò wọ́n léra. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi aró rẹ ẹ́ kí oríṣiríṣi apá sẹ́ẹ̀lì lè hàn ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun Tí Wọ́n Rí

Ní ọdún 1992, Akah àti Okafor tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti lo ehoro. Wọ́n rí i pé oje ewúro ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ìwádìí náà wà lára àwọn tí ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ní Nàìjíríà.

Ní ti ẹran ara, ìwádìí Akinola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2009, wọ́n jábọ̀ pé oje ewúro mú kí ìtò sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ eku tí ó ní àtọ̀gbẹ sunwọ̀n sí i. Ní ọdún 2010, wọ́n jábọ̀ pé erékùṣù Langerhans àwọn eku tí ó gba oje náà rí dára ju ti àwọn tí kò gba ohunkóhun lọ. Ní Calabar, Atangwho àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbájú mọ́ kíndìnrín ní ọdún 2007, wọ́n sì fi ìwọ̀n àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe òdiwọ̀n bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà yìí dára, nítorí pé ẹ̀yà ara lè rẹwà lójú máíkírósíkóòpù kí ó má sì ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ìrísí àti iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ara wọn.

Ìwádìí Ong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Singapore ní ọdún 2011 tún tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Wọ́n fún eku ní 400 mílígíráàmù oje ewúro fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 28. Ṣúgà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku náà ṣáájú oúnjẹ fi 32.1% kéré sí ti àwọn eku aláìsàn tí kò gba ìtọ́jú. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà wọn kò bàjẹ́ tó ti àwọn yòókù, ínsúlíìnì wọn sì lé díẹ̀.

Ọ̀nà Tí Ó Lè Máa Gbà Ṣiṣẹ́

Láti inú àwọn ìwádìí yìí, ọ̀nà mẹ́ta ni ó jọ pé oje ewúro ń gbà ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́, ó ń ran iṣan lọ́wọ́ láti gba gúlúkóòsì wọlé, nítorí pé àwọn tí ń gbé gúlúkóòsì gba awọ sẹ́ẹ̀lì iṣan kọjá ń pọ̀ sí i. Èkejì, ó ń dín ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe kù. Ẹ̀dọ̀ a máa ṣe ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ pàápàá nígbà tí ènìyàn kò jẹun, àtọ̀gbẹ a sì máa mú kí ó ṣe é láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀kẹta, fílábónọ́ìdì inú rẹ̀ ń gbógun ti àwọn kẹ́míkà ọ́síjìn oníjàgídíjàgan, èyí tí ó lè ṣàlàyé ìdí tí ìbàjẹ́ ẹran ara fi dín kù.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò ṣe é fojú fò. Ṣé ewúro ni ó tún ẹran ara ṣe ní tààrà, àbí ó kàn mú ṣúgà wálẹ̀, tí ẹran ara sì rí àyè mí? Ìbéèrè yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ìwádìí ńlá kan tí wọ́n parí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní ọdún 1993 ti fi hàn pé àkóso ṣúgà nìkan tó ohun tí ń dáàbò bo ẹran ara. Láàárín àwọn aláìsàn oríṣi kìíní tí ojú wọn kò tíì ní ìpalára nígbà tí ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣọ́ ṣúgà wọn gidigidi pẹ̀lú ínsúlíìnì fi 76% dín ewu àrùn ojú kù. Kò sí ewé kankan nínú ìtọ́jú wọn. Nítorí náà, kí a tó sọ pé ewúro ń tún erékùṣù Langerhans ṣe, ó yẹ kí a fi í wé oògùn tí ó mú ṣúgà wálẹ̀ dé ìwọ̀n kan náà.

Ibi Tí Ó Yẹ Kí A Ti Ṣọ́ra

Kókó mẹ́rin ni ó yẹ kí olùwádìí àti aláìsàn fi sọ́kàn. Èkíní, eku kì í ṣe ènìyàn. Àtọ̀gbẹ tí májèlé kan fà láàárín ọjọ́ mélòó kan kò rí bí èyí tí ó ti ń bá ènìyàn fínra láti ogún ọdún. Ọjọ́ 28 kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbà tí kíndìnrín ènìyàn fi ń bàjẹ́.

Èkejì, àkókò tí wọ́n fún eku ní oje náà ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá fún un kí májèlé náà tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé májèlé ni ewúro lé lọ, kì í ṣe àtọ̀gbẹ ni ó wò. Bákan náà, àwọn ẹranko mìíràn tí wọ́n fún ní alloxan a máa yá fúnra wọn. Ìwádìí tí kò bá ṣe àlàyé èyí kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ oògùn ń lò ni pé kí a fi 6.2 pín ìwọ̀n tí a fún eku kí a tó lè mọ èyí tí ó bá ènìyàn mu. Bí a bá fi 6.2 pín 400 mílígíráàmù, yóò jẹ́ nǹkan bí 64.5 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tí ó wọn 60 kílógíráàmù, èyí yóò tó nǹkan bí gíráàmù 3.9 oje gbígbẹ lójúmọ́, kì í ṣe ewé tútù. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ iye ewé tí èyí jẹ́, nítorí pé ilẹ̀, àsìkò òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, àti ọjọ́ orí ewé máa ń yí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ padà.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí ó lágbára láti mú ṣúgà wálẹ̀ lágbára láti mú un wálẹ̀ jù. Ẹni tí ó ń lo glibenclamide tàbí ínsúlíìnì, tí ó tún ń mu omi ewúro kíkorò púpọ̀ lé e, lè bá ara rẹ̀ nínú ewu: òógùn yóò bò ó, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ebi yóò pa á lójijì, ojú rẹ̀ lè ṣú, ó sì lè dákú. Bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ohun dídùn ni kí wọ́n tètè fún un, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí tí ó tún burú jù ni ti aláìsàn oríṣi kìíní tí ó bá pa ínsúlíìnì tì nítorí ewé. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà tí ó kù lára rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì sí ẹ̀rí pé ewúro lè dá àwọn tí ó ti kú padà.

Yorùbá ní a kì í fi ara ẹni ṣe oògùn alọ̀kúnná. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ yìí mu wẹ́kú. Iṣẹ́ ìdánwò yẹ ní yàrá ìwádìí àti lábẹ́ ìṣọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, kò yẹ ní ilé aláìsàn tí kò ní ohun tí yóò fi wọn ṣúgà rẹ̀.

Ìmọ̀ràn

Gbogbo èyí kò túmọ̀ sí pé kí a sọ ewúro nù. Ìtàn metformin tó láti fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ewéko kan tí ń jẹ́ Galega officinalis, tí àwọn ará Yúróòpù ń lò fún ìwòsàn láyé àtijọ́, ni ó tọ́ka ọ̀nà sí i. Májèlé wà nínú ewéko náà, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ yẹ èròjà inú rẹ̀ wò. Ní ọdún 1922 ni Werner àti Bell ṣe metformin ní Dublin. Ní ọdún 1957 ni Jean Sterne ní Faransé jábọ̀ ìlò rẹ̀ fún àwọn alátọ̀gbẹ. Ọdún 35 ni ó wà láàárín méjèèjì. Lónìí, oògùn náà wà lára èyí tí wọ́n ń lò jù lọ ní àgbáyé fún oríṣi kejì. Sùúrù àti ìwádìí ni ó sọ ewé di oògùn tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn olùwádìí máa kọ orúkọ ewé, apá tí wọ́n lò, ohun tí wọ́n fi yọ oje rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ kedere, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń wo ẹran ara lábẹ́ máíkírósíkóòpù má mọ ọ̀wọ́ tí eku náà ti wá, kí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ má baà darí ojú rẹ̀. Ó yẹ kí dókítà bèèrè lọ́wọ́ aláìsàn, láìfi í ṣe yẹ̀yẹ́, irú àgbo tí ó ń mu. Aláìsàn tí wọ́n bá pẹ̀gàn kò ní sọ òtítọ́ nígbà mìíràn. Ó sì yẹ kí oníṣègùn ìbílẹ̀ rán aláìsàn lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ewé náà bá ń ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò yóò fi hàn. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kò ní sí ẹni tí yóò pàdánù ojú tàbí ẹsẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Ní ti ọbẹ̀ ewúro, kò sí ìdí tí alátọ̀gbẹ kò fi ní máa jẹ ẹ́ bí oúnjẹ, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń ṣọ́ ìwọ̀n òkèlè tí ó fi ń jẹ ẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣe àlàyé bí àtọ̀gbẹ ṣe ń yí páńkíríásì, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín padà, ó sì ti fi hàn pé ìwádìí lára ẹranko gbè ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lẹ́sẹ̀ pé ewúro wúlò fún àìsàn yìí. Ó tún ti fi hàn pé ọ̀nà ṣì jìn láàárín eku tí ó gba oje fún ọjọ́ 28 àti ènìyàn tí yóò bá àtọ̀gbẹ gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn baba wa ni wọ́n kọ́kọ́ fi ewé náà hàn wá. Ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà tí ó yẹ kí a lò ó àti ẹni tí ó yẹ fún ni ó kù fún ìran yìí láti wádìí. Títí ìdáhùn yóò fi dé, kí ewúro máa wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, kí oògùn tí dókítà kọ má sì kúrò lọ́wọ́ aláìsàn.